Ẹnì Kan Ló Kà Á Dé Òpin

"Gbogbo ará Àtẹ Ìta ti kọjá. A ti gbé afárá. Àlàáfíà ni."

Ohun tí Kedere kọ sára gbogbo ògiri ìlú Léfòó nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìjì. Ìbídàpọ̀ kà á níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè, ó wo ìkángun ìlú, ó sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Àtẹ Ìta kò tíì kọjá. Wọ́n wà lẹ́sẹ̀ afárá lọ́hùn-ún, wọ́n dúró wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn, òjò ń nà wọ́n. Kò sí ẹni tó ń ti ẹnì kejì. Afárá irin náà sì ti ń gbéra níwájú wọn, ó ń ká lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan láàárín wọn ṣí fìlà orí rẹ̀, ó ń fì í sí ọ̀kánkán ìlú pé kí wọ́n dá a dúró.

Lẹ́yìn náà ni okùn irin tó so Àtẹ Ìta mọ́ ìlú tú ara rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa ṣe nígbà ìjì. Àtẹ náà sún, ó yí díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sínú òkun tòun ti ilé àti ènìyàn tó wà lórí rẹ̀.

Kí ẹni tí kò dé Léfòó rí lè mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: ojú omi ni ìlú náà wà. Nígbà tí òkun gba ilẹ̀ àwọn baba wọn tán, wọ́n kan àtẹ ńláńlá tí kì í rì, wọ́n fi okùn irin so wọ́n mọ́ra, wọ́n fi afárá so ọ̀kan mọ́ èkejì. Orí àwọn àtẹ wọ̀nyí ni ilé wà, àti ilé-ẹ̀kọ́, àti oko ẹ̀fọ́. Bí ìjì bá ń bọ̀, wọ́n máa ń tú àwọn àtẹ tó wà létí sílẹ̀ kí wọ́n má baà máa kọlu ti àárín. Àwọn tó ń gbé orí wọn á ti kọjá sí àárín ìlú kí wọ́n tó tú wọn. Bí ìjì bá rọlẹ̀, ọkọ̀ á lọ wọ́ àtẹ náà wálé.

Kedere ni ẹ̀rọ tó ń bójú tó gbogbo èyí. Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Láyé àtijọ́, àwọn aláṣẹ mọ̀ pé ògiri tí wọ́n mọ sí etí òkun ti ń sán, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́, wọ́n ní kí ará ìlú má baà fòyà. Ará ìlú kò fòyà lóòótọ́. Orí ibùsùn ni omi bá ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó ṣẹ́kù ló wá búra pé ìjọba tí àwọn yóò máa ní láti ọjọ́ náà lọ, kò ní í ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Bàbá Òkunlọlá, tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ló kó àwọn iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ti ṣe tí wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó, wọ́n tún un hun ní èdè Yorùbá, wọ́n fi kọ́ Kedere.

Ohunkóhun tí Kedere bá mọ̀, ará ìlú náà mọ̀ ọ́n. Iye omi mímu tó kù, ohun tí ìgbìmọ̀ bá ara wọn sọ ní ìpàdé, ìdí tí iná fi wà ní àdúgbò kan tí kò sí ní òmíràn, ara ògiri ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí òfin kan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè kọ àtúnṣe rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹni méjì tí ìlú yàn bá ti kà á, tí wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ wọn mọ́ ọn, ó di òfin nìyẹn. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ti ẹni méjì tó tẹwọ́ yóò máa wà níbẹ̀. Àwọn ìlú orí omi yòókù rí i pé ó dára, wọ́n ń dà á kọ. Bí Léfòó bá ṣe àtúnṣe lónìí, Tẹ́ńté tó wà níhà ìwọ̀-oòrùn yóò ti fi sí tiwọn lọ́la.

Ìbídàpọ̀ wà lára àwọn tí ìlú yàn. Òun ni àgbà nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Léfòó, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí ó ti rí Àtẹ Ìta tó ń lọ, ó sáré padà sídìí ògiri, ó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà, "afárá," pé kí Kedere fi òfin tó tẹ̀ lé hàn án.

Òfin náà kò gùn. Tẹ́lẹ̀, kí Kedere tó gbé afárá, ó ní láti bi ilé kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó ku ẹnì kan nínú ilé, kí ó sì dúró de èsì. Àtúnṣe tuntun yìí ní kí ó má bi ẹnikẹ́ni mọ́, torí pé àwọn kan kì í dáhùn, wọ́n sì ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu. Bí fèrè ìjì bá ti dún, kí Kedere máa wo orí afárá. Bí kò bá rí ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ó gbà pé gbogbo ènìyàn ti kọjá.

Ẹni tó kọ ọ́: Bàbá Òkunlọlá. Àwọn tó tẹwọ́: Olóyè Fárìńlóyè, alága ìgbìmọ̀; Ìbídàpọ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ìbídàpọ̀ rántí ọjọ́ tó tẹwọ́ náà. Ẹ̀bà ló ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí ògiri ilé rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ Bàbá dé. Bàbá ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré, àwọn ló fún un ní orúkọ tó ní nínú iṣẹ́ náà. Ó fi oúnjẹ sílẹ̀, ó ṣan ọwọ́ ọ̀tún, ó nù ún dáadáa kí ó má lọ di pé ọwọ́ òsì ló fi tẹ iṣẹ́ Bàbá. Gbogbo ohun tó rò nípa rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ó tẹwọ́, ó padà sídìí ẹ̀bà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Léfòó nìyẹn. Òfin ní kí wọ́n kà á, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ àgbà bá dé, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ lórí ògiri kó tó gba ọwọ́. Ẹni tó bá dúró tó ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á ní ó ń wá àléébù àgbà. Kíá ni wọ́n ń tẹwọ́. Àwọn yòókù á wá kọ ìkíni sábẹ́ rẹ̀. Ìkíni kún abẹ́ àtúnṣe yìí lọ bẹẹrẹ: "Ẹ kú iṣẹ́, sà." "Ọpọlọ yín á máa jí pépé, sà." "Bàbá wa, kò ní í rẹ̀ yín láé."

Láàárín wọn, ọ̀kan kì í ṣe ìkíni. Jọláadé, obìnrin kan tó ń yan ẹja ní Àtẹ Ìta, ló kọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ẹnikẹ́ni kì í gun afárá kí ẹni tó dàgbà jù tó gùn ún. Bí a bá ń dúró de àgbà lẹ́sẹ̀ afárá ńkọ́, sà? Ṣé kò ní í rò pé a ti kọjá?"

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìkíni mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nísàlẹ̀ pátápátá, Kedere kọ ohun tí ó máa ń kọ sí abẹ́ gbogbo òfin, torí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́: "Àwọn tó kà á dé òpin: ẹnì kan."

"Ìbídàpọ̀, ṣé ojú lo fẹ́ fi fà wọ́n padà ni?"

Arówólò ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá àwọn ọlọ́kọ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà. Omi ń ro lára aṣọ rẹ̀.

"Wò ó," ni Ìbídàpọ̀ wí.

Arówólò tẹ̀ síwájú, ó kà á, ó dé ibi orúkọ. "Ó dáa," ló wá sọ. "Màá lọ kó wọn wá. Nígbà tí mo bá dé, kí o má sọ fún mi pé nǹkan yìí ṣì wà níbẹ̀."

Ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n gbé jáde sínú ìjì náà. Ó tó ọ̀sán kí wọ́n tó padà, ìjì ti rọlẹ̀ ní Léfòó nígbà náà. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Àtẹ Ìta dé. Wọ́n wá ẹni mẹ́fà tì. Ìgbì ti gba etí àtẹ náà, ó sì gbá ilé ìkángun méjì lọ.

Jọláadé wà lára àwọn tó dé. Ìbídàpọ̀ kò mọ ojú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ ni wọ́n fi pè é kí ó tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà kúnlẹ̀ lórí pákó tútù níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù kalẹ̀.

"Ẹ kú ìdúró, mà."

"Dìde, dìde. Kí ló dé tí ẹ ò gun afárá?"

"Ìyá mi là ń dúró dè, mà. Àwọn ló dàgbà jù lórí àtẹ wa. Wọ́n wọlé lọ mú ọ̀pá wọn." Ó nu ojú. "Àwọn ènìyàn ní kí n lọ gbé wọn, mo ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìyá mi kò fẹ́ kí wọ́n máa gbé òun bí ẹrù. Mo ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ tí afárá fi lọ."

Ìbídàpọ̀ ń retí kí ó sọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè tó kọ sórí ògiri. Jọláadé kò sọ ọ́. Bóyá ó ti gbàgbé, bóyá ó sì rò pé kò yẹ kí òun rán àgbà létí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó tún kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa, mà," ó sì bá àwọn tó kù lọ. Ó wu Ìbídàpọ̀ kí ilẹ̀ pákó náà lanu kí òun wọ̀ ọ́.

Arówólò kò bọ́ aṣọ tútù ara rẹ̀ kó tó wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀. Ìjì náà ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, Kedere sì ti kọ ọ́ pé yóò kan Tẹ́ńté kí ilẹ̀ tó ṣú. Tẹ́ńté sì ti da òfin afárá kọ. Ìjì ti já ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ láàárín ìlú méjèèjì. Wáyà abẹ́ omi tí Kedere Léfòó fi ń bá Kedere Tẹ́ńté sọ̀rọ̀ nìkan ló kù. Ohun tó rọrùn jù wà ńlẹ̀: bí ẹni tó kọ òfin tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó tẹwọ́ bá ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò, òfin náà á dá iṣẹ́ dúró ní Léfòó àti ní ibi gbogbo tí wọ́n ti ń lò ó, Kedere á sì kọ ọ́ sí ògiri gbogbo wọn ní lẹ́tà pupa.

Olóyè Fárìńlóyè kò jẹ́ kí wọ́n jókòó ní gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, níbi tí Kedere ti ń gbọ́. Ó kó gbogbo wọn lọ sínú ọkọ̀ kan tó wà lórí ìdè, wọ́n fa tàpólì bò ó lórí. Láti ìgbà tí Léfòó ti wà, ìpàdé àkọ́kọ́ tí ará ìlú kò ní í kà nìyẹn. Àwọn ìjòyè tẹ orí ba lábẹ́ tàpólì náà, eékún wọn ń kan ara wọn, kò sí ẹni tó fẹ́ wo ojú ẹnì kejì.

"Kì í ṣe pé a fẹ́ fi nǹkan pamọ́ o," ni Olóyè fi bẹ̀rẹ̀. "A kàn fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ."

"Kí ló yẹ tó ju kí ẹ ká ọwọ́ yín kúrò, sà?" ni Arówólò bi wọ́n. "Ẹ nawọ́, ẹ ká a. Kò gba agbára."

"Ṣé ara ògiri ni Bàbá á ti gbọ́ pé iṣẹ́ àwọn pa ènìyàn? Ẹni tó kọ́ gbogbo wa? Kí wọ́n jí, kí wọ́n gbójú sókè, kí wọ́n rí i ní pupa pé Fárìńlóyè ti ká ọwọ́ kúrò lára wọn? Arówólò, ṣé o ní bàbá nílé?"

"Mo ní, sà. Bí ilé bá ń jó, mo máa ń jí wọn."

"Wo ẹnu ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká lọ jí Bàbá nígbà náà."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní Bàbá ti jẹun ọ̀sán, wọ́n sì ti sùn, pé wọn kì í jí títí oòrùn á fi rọ̀. Ẹlòmíràn ní ọkàn Bàbá kò le mọ́, kò yẹ kí wọ́n fi irú ìròyìn yìí ta wọ́n jí. Wọ́n ní kí ẹni mẹ́ta lọ jókòó dè wọ́n ní pálọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Wọ́n ní ìjì náà sì lè yà gba ibòmíràn.

"Ìjì kì í yà nítorí pé Bàbá ń sùn," ni Arówólò wí. Ó wá yíjú sí Ìbídàpọ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ọwọ́ tìẹ náà wà níbẹ̀. Ìwọ nìkan tó o láti ṣe é."

Gbogbo wọn wò ó. Ìbídàpọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni, òun nìkan tó o. Ohun tó rí lójú inú rẹ̀ ni ògiri Tẹ́ńté, ògiri gbogbo ìlú orí omi, àti orúkọ rẹ̀ ní pupa lára wọn. Wọ́n á fọwọ́ kàn án, wọ́n á rí ìbéèrè Jọláadé, wọ́n á rí iye ẹni tó kà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ á rí i pé kò kà á. Ó fẹ́ kí Bàbá kọ́kọ́ sọ nǹkan kan, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn Bàbá ni òun wà nígbà tí ojú bá ti òun.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí Bàbá," ló sọ. "Ọ̀wọ̀ ni."

Arówólò ká etí tàpólì sókè. "Màá kọ ọ́ sórí ògiri fúnra mi."

"Kọ ọ́," ni Olóyè wí. "Ìwọ ò tẹwọ́ sí nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tìẹ."

Arówólò jáde kúrò lábẹ́ tàpólì. Ó lọ kọ ọ́ lóòótọ́, sábẹ́ gbogbo ìkíni wọ̀nyẹn: "Ẹ̀yin ará Tẹ́ńté, iṣẹ́ Bàbá Òkunlọlá yìí ti pa ènìyàn lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ yìí. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ìjì tó dé. Èmi Arówólò ọlọ́kọ̀." Kò pẹ́ tí àwọn kan ní Léfòó fi ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá.

Ìbídàpọ̀ àti Olóyè jókòó ní pálọ̀ Bàbá Òkunlọlá pẹ̀lú ìjòyè kan. Ọmọbìnrin Bàbá gbé omi fún wọn. Ó béèrè bóyá kí òun jí wọn, Olóyè ní rárá, kí wọ́n sinmi dáadáa. Ìbídàpọ̀ ń wo ojú fèrèsé. Níhà ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó fẹ́ jáde, Olóyè wò ó, ó tún jókòó.

Nígbà tí Bàbá jáde, Olóyè dọ̀bálẹ̀, Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀. Wọ́n béèrè àlàáfíà ara. Wọ́n béèrè orúnkún, wọ́n béèrè ojú. Bàbá ní ojú kò dára mọ́, pé ṣe ni àwọn ń rí ènìyàn bí òjìji. Wọ́n kí wọn kú ewu ìjì. Olóyè wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ní nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀ láàárọ̀.

"Kékeré báwo?"

Ìbídàpọ̀ ló sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tán láìgbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin ará Àtẹ Ìta," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé wọ́n wà níwájú wọn. "Mo gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe." Wọ́n wá yí sí ibi tí ohùn Ìbídàpọ̀ ti wá. "Nígbà tí ẹ kà á, ṣé kò sí èyí tó rántí nínú yín?"

Olóyè tẹjú mọ́ ife omi rẹ̀.

"Mo bi yín ni."

"A ò kà á, sà," ni Ìbídàpọ̀ wí.

"Ẹ tẹwọ́."

"A tẹwọ́, sà. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. A rò pé…"

"Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ojú tí kò ríran. Mo ní ẹ̀yin tí ojú yín ṣì mọ́lẹ̀ á bá mi wò ó. Ìdí tí a fi kọ́ nǹkan yìí síta gbangba nìyẹn, kì í ṣe kí ẹ lè máa kí mi níbẹ̀." Ohùn wọn kò ròkè. "Láàárọ̀ ni, ẹ ní. Ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí. Kí lẹ ń ṣe láti àárọ̀?"

"A kò fẹ́ kí ojú tì yín, sà," ni Olóyè dá wọn lóhùn. "A ní ká bò yín lásírí."

"Ṣé mo sọ fún yín pé ìhòhò ni mo wà?"

Bàbá na ọwọ́ kí wọ́n fa àwọn dìde. Ìbídàpọ̀ ló mú wọn dé ìdí ògiri pálọ̀. Ó bá wọn wá òfin afárá jáde, Bàbá sì fọwọ́ pa ojú ògiri náà títí tí Ìbídàpọ̀ fi gbé ọwọ́ wọn sí ibi tí orúkọ wọn wà. Wọ́n ká a kúrò. Lẹ́tà pupa jáde: "Ẹni tó kọ ọ́ ti gbà á padà. Ó léwu. Ẹ má lò ó."

Nísàlẹ̀ rẹ̀, bí Kedere ṣe máa ń ṣe, ó to orúkọ àwọn ìlú tí ìròyìn náà dé sí àti bí ọ̀ràn ṣe rí níbẹ̀. Níwájú orúkọ Tẹ́ńté, ó kọ ọ́ pé wọ́n ti gbé gbogbo afárá etí, wọ́n sì ti tú àwọn àtẹ sílẹ̀.

"Kí ló kọ?" ni Bàbá béèrè. "Ẹ kà á fún mi."

Ìbídàpọ̀ kà á fún wọn. Bàbá ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Wọ́n yọ ọwọ́ wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ tá ògiri padà sí yàrá wọn, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú wọn.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àwọn ará Tẹ́ńté bẹ̀rẹ̀ sí í dé Léfòó, torí pé àtẹ tó ní ilé ìwòsàn wọn wà lára àwọn tí òkun gbé lọ. Ìbídàpọ̀ lọ sí èbúté láti kó wọn sílé. Ó ti ká ọwọ́ tirẹ̀ náà kúrò lára òfin náà kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí kò wúlò mọ́. Àwọn ará Léfòó tó pàdé lọ́nà kí i dáadáa, "Ẹ kú àárọ̀, mà," bí wọ́n ṣe máa ń kí i. Gbogbo wọn ló ti ka ògiri.

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kejì, kò tíì tó ogójì ọdún, ọ̀já wà ní apá rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ Arówólò tó ń so okùn ọkọ̀ pé èwo ni Àǹtí Ìbídàpọ̀. Arówólò fi ẹnu tọ́ka sí i, ó sì ń so okùn rẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà wá síwájú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó pẹ̀lú apá tí wọ́n dì náà.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ṣóyẹmí ni orúkọ mi. Èmi ni onímọ̀ ẹ̀rọ Tẹ́ńté. Iṣẹ́ yín ni mo fi kọ́ṣẹ́, mà, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ mí."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Ìbídàpọ̀ wí. "Ẹ kú ewu."

"Mo fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà gbọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mà. Lánàá, a rí ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ̀ kan lórí ògiri pé ká yọ òfin afárá kúrò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ká yọ ọ́, àyè ṣì wà dáadáa nígbà náà. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Mo ní aláfojúdi kan ló ń bú àgbà. Mo fi orúkọ yín hàn wọ́n. Mo ní, 'Ẹ wò ó, ọwọ́ Àǹtí Ìbídàpọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá léwu, ṣé wọn ò ní í ká a kúrò?' À ń wò ó títí ìjì fi dé, mà. Ọwọ́ yín wà níbẹ̀."

Ìbídàpọ̀ béèrè pé, "Mélòó ni?"

"A ò tíì mọ̀ tán, mà. Ìyàwó mi wà lára wọn. Àwọn àgbà ni wọ́n ń dúró dè." Ohùn rẹ̀ dẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mà. Èmi ni mo fa orúkọ yín wọ inú ọ̀rọ̀ náà."

Ó ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ sún mọ́ pákó, ó ń dúró kí Ìbídàpọ̀ ní kí òun dìde. Ìbídàpọ̀ dúró tì í, àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá pẹ̀lú ẹrù, kò sì tíì ní kí ó dìde.